Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Àwọn Ajẹran Inú Odò, Inú Igbó àti Inú Ilé

Láti ìgbà tí a ti kéde pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá tó ń jẹ ẹran ẹ̀dá mìíràn la ó fi oṣù yìí sọ, lẹ́tà yín kò dáwọ́ dúró. A mú mẹ́jọ nínú wọn. Ti olùsìn ẹja la fi ṣáájú, torí owó ló ń ṣòfò níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọmọ ẹja mi ń dín kù, n kò sì rí òkú

*Mo ra ọmọ ẹja àrọ̀ 2,000 sínú táńkì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún mo kà wọ́n, wọn kò ju 1,150 lọ. Òkú tí a kó jáde kò tó ọgbọ̀n. Ọmọ tó ń bá mi ṣọ́ ibẹ̀ ni mo fura sí, mo sì fẹ́ lé e lọ. Ṣé olè ni, àbí ẹja ló ń jẹ ẹja? — Olùsìn ẹja, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ẹ má tíì lé ọmọ ọlọ́mọ. Bí olè bá fẹ́ jí ẹja, ó máa ń dúró kí ẹja tó ẹja ni. Ọmọ ẹja tó ń pòórá láìsí òkú, inú ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń wà.

Àrọ̀ kò mọ ọmọ ìyá. Nínú ẹyin ìyá kan náà, tí wọ́n jọ jáde lọ́jọ́ kan náà, àwọn kan á ṣáà sáré dàgbà ju ìyókù lọ. Ṣútà ni àwọn olùsìn ẹja ń pè wọ́n. Nígbà tí ọmọ ẹja kò bá tíì gùn ju sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 lọ, ìrù ni ṣútà ti ń mú ẹgbẹ́ rẹ̀; á gbé e mì dé ọrùn, á wá pọ orí dànù, torí orí àrọ̀ fẹ̀, egungun rẹ̀ sì le. Bí ẹ bá rí orí lásán nísàlẹ̀ táńkì, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti kọjá ìwọ̀n yẹn, orí ni wọ́n fi ń mú un wọlé, odindi rẹ̀ á sì wọlé tán. Kò ní sí òkú tí ẹ máa kó. Ẹ tún wo àwọn tó ṣẹ́ kù: ẹja tí ìrù rẹ̀ já tàbí tó ní egbò funfun lẹ́bàá ìrù jẹ́ èyí tó bọ́ lẹ́nu ṣútà. Èyí tí ikùn rẹ̀ yọ gọ̀ǹgọ̀, tó lọ sinmi sí kọ̀rọ̀ kan nígbà tí ìyókù ń sáré sí oúnjẹ, ẹ mú un, òun ni ẹ ń wá.

Ohun tó ń fà á kọ́kọ́ ni ìyàtọ̀ ìwọ̀n. Èkejì ni ebi. Bí oúnjẹ bá ń pẹ́ kó tó dé, tàbí tí ẹ ń da gbogbo rẹ̀ sójú kan, àwọn alágbára á yó, àwọn kékeré á máa rù, ìyàtọ̀ á sì túbọ̀ pọ̀ sí i. Àpọ̀jù ẹja nínú omi kékeré ń dá kún un, bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù. Ẹja òru ni àrọ̀, ibi tó ṣókùnkùn ló ti ń fara balẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dúdú bo ojú táńkì. Yóò dín ìjà kù, yóò sì lé ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́ sẹ́yìn, torí àwọn náà ń jẹ nínú rẹ̀.

Oògùn rẹ̀ gan-an ni ṣíṣà wọ́n sọ́tọ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí wọn yóò fi kúrò ní ọmọ wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá ṣì kéré gan-an, ọ̀sẹ̀ kan kò pọ̀ jù. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹja tó yó ni ọwọ́ kíkàn ń pa. Ẹ ṣe é ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Ẹ to báfù mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ bu omi táńkì náà gan-an sí wọn, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tuntun. Abọ́ oníhò tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí ni kí ẹ lò: ẹ rì í sínú omi, kí àwọn kékeré gba inú ihò wẹ̀ jáde fúnra wọn. Ẹ má fi ọwọ́ gbígbẹ mú wọn, ẹ má sì gbọ̀n wọ́n bí ẹni tó ń sẹ́ ògì, torí ara wọn á bó, àrùn á sì gbabẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá ti ṣà wọ́n tán, iyọ̀ gíráàmù 3 sí lítà omi kan máa ń jẹ́ kí ara tètè mókun.

Ní ti oúnjẹ, ẹnu ẹja tó kéré jù ni kí ẹ fi wọn hóró rẹ̀. Bí ẹ bá ti bọ́ sí 2 mm nígbà tí ìdajì wọn ṣì ń gbé 1.2 mm mì, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ṣútà nìkan nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ yí i padà, ẹ po méjèèjì pọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin sí márùn-ún lóòjọ́ ni kí wọ́n máa jẹ nígbà tí wọ́n kéré, kí ti ìkẹyìn bọ́ sí alẹ́. Ẹ fọ́n ọn yí ká táńkì.

Ohun kan wà tí àwọn tí ẹ̀rù ṣútà bá ti bà sábà máa ń ṣe: wọ́n á máa da oúnjẹ sómi láìdáwọ́ dúró. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ á jẹrà, omi á bàjẹ́, ẹja tí kì bá kú á wá kú. Bí oúnjẹ bá ṣì léfòó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ó ti pọ̀ jù. Àti ṣútà o, ẹ má pa wọ́n dànù. Ẹ kó wọn sí táńkì tiwọn. Àwọn ni ẹ máa kọ́kọ́ gbé lọ sọ́jà.

Igún dà?

*Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igún ló ń kún orí òrùlé ibi ìpẹran àdúgbò wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹyọ kan ṣoṣo gbẹ̀yìn. Ibo ni wọ́n lọ, ṣé ó sì burú pé wọ́n lọ? — Ìyá ẹlẹ́ran, Ògbómọ̀ṣọ́*

Wọn kò lọ síbì kankan, ẹ̀yin ìyá wa. Wọ́n kú ni. Igún kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ mọ̀ ní ibi ìpẹran, tó ní orí pípá àti ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́, wà lára irú igún mẹ́rin ní Áfíríkà tí àjọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀dá inú ayé, IUCN, kéde ní 2015 pé wọ́n ti sún mọ́ àtirun pátápátá.

Igún yàtọ̀ sí àṣá àti ẹkùn. Kì í pa ẹran, òkú ló ń jẹ. Omi kíkan inú ikùn rẹ̀ le débi pé kòkòrò àrùn tó lè pa màálù, tó lè pa ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú màálù náà, máa ń kú síbẹ̀. Orí rẹ̀ pá kí ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá má baà dì mọ́ ìyẹ́ nígbà tó bá ti ọrùn bọ inú òkú. Bí igún bá kúrò níbì kan, ajá ìgboro, eku àti eṣinṣin ló ń gba iṣẹ́ náà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣe é láìgbé àrùn kiri. Ajá ń gbé dìgbòlugi.

Ẹyin kan ṣoṣo ni igún yìí ń yé lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Nítorí náà, ẹni tó bá pa mẹ́wàá lónìí ti pa ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún kò ní dá padà. Ní Nàìjíríà àti káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, orí igún àti ẹ̀yà ara rẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ìṣègùn ló ń pa á jù. Ní Guinea-Bissau, láàárín 2019 sí 2020, ó lé ní 2,000 igún tó jẹ májèlé kú, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ nínú wọn láìlórí. Ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn baba wa ló sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ẹni tó ń ra orí igún lọ́jà lónìí yẹ kó tún mọ̀ pé ẹyẹ tí májèlé pa, májèlé náà ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e mì náà ti gbé májèlé mì.

Ìtàn Íńdíà kan àwa tí à ń sin màálù gbọ̀ngbọ̀n. Láti bí 1992, igún tó pọ̀ níbẹ̀ bí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lulẹ̀ lórí igi. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ ohun tó ń pa wọ́n. Ní 2004, Lindsay Oaks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé diclofenac ni, oògùn ìrora tí wọ́n ń gún fún màálù. Bí màálù tó gbà á bá kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí igún sì jẹ ẹ́, kíndìnrín igún á daṣẹ́ sílẹ̀, ohun funfun bí ẹfun á sì bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Irú igún kan níbẹ̀ dín kù ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Íńdíà fi òfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn ní 2006.

Ohun tí ẹ lè ṣe kò le. Ẹ sọ fún dókítà ẹran yín pé meloxicam ni kó lò fún ìrora màálù dípò diclofenac; ó ń ṣiṣẹ́, kì í sì í pa igún. Òkú ẹran tó bá gba diclofenac, ẹ sin ín jìn. Òkú ajá tàbí eku tí májèlé pa náà, ẹ má jù ú sórí ààtàn.

Ṣé kí wọ́n pa kìnnìún tán?

*Àbúrò mi ní kí wọ́n kúkú pa gbogbo kìnnìún àti ẹkùn tó kù, kí ẹtu àti ìgalà lè pọ̀. Kí ni ká wí fún un? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin*

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé iṣẹ́ náà kò ní gbà á lákòókò: kìnnìún tó kù ní gbogbo Nàìjíríà, bí àwọn tó ń ṣọ́ wọn ṣe fojú bù ú, kò tó 50. Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi àti ọgbà Kainji, tó wọ ilẹ̀ Kwara tiyín náà, ni wọ́n wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò fún un. Nínú agbára tí ẹranko bá rí nínú oúnjẹ, èyí tó pọ̀ jù ló ń fi mí, tó ń fi sáré, tó sì ń yà dànù. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ń di ẹran ara tí ẹlòmíràn lè jẹ. Raymond Lindeman, ọmọ Amẹ́ríkà, ló fi ẹsẹ̀ ìṣirò yìí múlẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1942. Ìdá náà ń yí díẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, àmọ́ ẹ wò ó báyìí: koríko kílò 10,000 lè di ìgalà kílò 1,000, ìgalà kílò 1,000 kò lè di ju ẹkùn kílò 100 lọ. Ìdí tí ẹkùn fi kéré níye nìyẹn, tí kò sì lè jẹ ìgalà tán. Kí ìgalà tó tán, ebi á ti pa ẹkùn. Ìbọn, pàkúté àti igbó tí a ń ro ló ń jẹ ìgalà tán.

Ọ̀rọ̀ Ghana wá ni kí ẹ fi kádìí rẹ̀. Láti 1968 ni àwọn aṣọ́gbó ìjọba ibẹ̀ ti ń ka ẹran inú àwọn ọgbà wọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ náà wò títí dé 2004, wọ́n rí i pé ibi tí kìnnìún àti ẹkùn ti pòórá, ìnàkí ló pọ̀ sí i, kì í ṣe ìgalà. Àwọn ọ̀bọ mìíràn ń dín kù níbẹ̀, torí ìnàkí náà ń jẹ ẹran. Ìnàkí ya wọ oko àgbàdo, àwọn òbí sì ń dá ọmọ dúró nílé ẹ̀kọ́ kí wọ́n lè ṣọ́ oko. Ká ní ẹkùn ṣì wà, ìnàkí kì bá tí láyà débẹ̀.

Ológbò mi kò ríran mọ́ dáadáa

*Ọdún méjì ni ológbò mi. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ la ń fún un, ẹja díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti ń forí gbá nǹkan lálẹ́. Ajá wa ń jẹ oúnjẹ kan náà, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. — Ìyá Bọ̀sẹ̀, Òṣogbo*

Ajá lè gbé orí ẹ̀bà dé ìwọ̀n kan. Ológbò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ajá ti bá èèyàn jẹun pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ fi mọ bí a ṣe ń tú gaàrí àti ìrẹsì. Ológbò ṣì jẹ́ ajẹran pọ́ńbélé, kò tilẹ̀ lè tọ́ adùn ṣúgà wò. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní taurine. Ara ajá sábà máa ń ṣe é fúnra rẹ̀, ara ológbò kì í lè ṣe tó. Inú ẹran nìkan ló ti ń rí i, kò sí nínú gaàrí. Bí kò bá rí i fún oṣù púpọ̀, ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ọkàn rẹ̀ á sì wú, á sì di aláìlágbára. Ti ọkàn máa ń ṣeé wò bí a bá tètè rí i. Ojú tó ti lọ kì í padà, ṣùgbọ́n ẹ lè dá ìyókù dúró. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́sẹ̀ yìí.

Ológbò tó tó kílò 4 nílò nǹkan bí gíráàmù 150 sí 200 ẹran tàbí ẹja lóòjọ́, kí ẹ pín in sí méjì tàbí mẹ́ta. Ọkàn adìẹ àti ọkàn màálù ni taurine pọ̀ sí jù nínú ohun tí owó yín ká. Ẹ sè é níwọ̀nba, kí ẹ sì fi omi rẹ̀ sí i, torí taurine máa ń yọ́ sínú omi. Ẹran lásán kò ní egungun: ẹ gún èèpo ẹyin tó gbẹ kúnná, ìdajì ṣíbí tíì sí ìdajì kílò ẹran, tàbí kí ẹ fún un ní ṣáwá tí ẹ sè títí egungun fi rọ̀. Ẹ̀dọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kékeré. Ẹ má fún un ní ẹja tútù lójoojúmọ́, torí ẹja tútù kan ń ba fítámìn B1 jẹ́ nínú ara.

Ọbẹ̀ yẹn ńkọ́? Àlùbọ́sà inú rẹ̀ ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ológbò, bó jẹ́ tútù, bó jẹ́ sísè. Ó ń ṣe ajá náà léṣe. Àti pé bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ má ṣe dán an wò láti fún un ní parasitamọ́ọ̀lù. Hóró kan ṣoṣo lè pa á.

Ìjàlọ wọ ilé wa lóru

*Ìjàlọ ya wọ ilé adìẹ wa, wọ́n pa adìẹ mẹ́rin tó ń sàba. A da pẹtirólù sí wọn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ilé. Kí ni ká ṣe bí wọ́n bá tún dé? — Àgbẹ̀, Ìgbàjọ*

Ẹ má fi iná sí i mọ́. Ìjàlọ kì í wá gbé ilé èèyàn, ó ń kọjá ni. Òṣìṣẹ́ wọn fọ́jú pátápátá. Òórùn ẹni tó ṣáájú ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Agbo kan lè ju mílíọ̀nù lọ, wọ́n sì ń jẹ gbogbo ohun tí kò bá lè sá: aáyán, ọmọ eku, àkekèé, ìdin, ọmọ ẹyẹ. Adìẹ yín kú torí wọ́n wà nínú àgò, wọn kò ríbi sá.

Bí wọ́n bá dé, ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ ọwọ́ àti aláìsàn jáde. Ẹ ṣí àgò adìẹ, ẹ tú ewúrẹ́ tó wà lókùn. Ẹ kó oúnjẹ kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde kúrò nílé fún wákàtí díẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá padà, ẹ ò ní bá aáyán kan. Ẹ má dúró sójú ọ̀nà wọn kí ẹ máa gbálẹ̀. Ẹ ń tú wọn ká sára yín ni. Èyí tó bá ti bù yín jẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í tú. Orí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe ìdí rẹ̀.

Fún adìẹ, ẹ gbé àgò sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ agolo tí omi àti òróró dúdú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ máa yọ ewé tó bá jábọ́ sínú agolo, torí ewé kan ti tó afárá. Eérú tí ẹ bá fọ́n yí ká máa ń dá wọn dúró díẹ̀ bí ilẹ̀ bá gbẹ. Òjò kan á sọ ọ́ di asán.

Ṣé òótọ́ ni pé igi kan ń jẹ ẹran?

*Mo rí fídíò ewéko tó ń gbá eṣinṣin mú. Wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé ó lè gbé ní Èkó, ṣé mo sì lè máa fún un ní ẹran? — Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Yábàá*

Òótọ́ ni. Èyí tí ẹ rí, Venus flytrap, ìpínlẹ̀ North Carolina àti South Carolina ní Amẹ́ríkà nìkan ló ti ń hù fúnra rẹ̀. Nínú ewé rẹ̀ ni irun tín-ín-rín wà. Bí nǹkan bá kan irun náà lẹ́ẹ̀kan, kò ní mira. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀kejì láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá, ewé á pa dé wàù. Ẹ̀kán òjò kan kò lè tàn án jẹ. Lẹ́yìn náà ni omi kíkan á tú kòkòrò náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Kì í ṣe ebi ló ń pa á. Oòrùn ló ń fi dáná oúnjẹ rẹ̀ bíi ti ewéko yòókù. Ilẹ̀ tó ti ń hù ni kò ní ọ̀rá, náítírójìn kò pọ̀ nínú rẹ̀, ló fi ń wá a lára kòkòrò. Ẹ má ṣe fi ajílẹ̀ sí i: yóò jó gbòǹgbò rẹ̀. Omi òjò ni kí ẹ bu fún un, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Súyà tàbí ẹran tútù á jẹrà nínú ewé náà, ewé á sì dúdú kú. Ìṣòro ńlá ti Èkó ni pé ó nílò oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin òtútù láti sùn. Àìsùn á pa á lẹ́yìn ọdún kan sí méjì. Bí ẹ bá fẹ́ gbin irú rẹ̀, ẹ wá Nepenthes tó ń gbé ilẹ̀ olóoru, èyí tó so ife mọ́ ẹnu ewé. Ooru àti ọ̀rinrin Èkó bá a lára mu.

Ilẹ̀ wa náà ní tiwa. Ní ẹsẹ̀ àpáta tí omi òjò ń sun sí, àti nínú irà, àwọn ewéko kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní Utricularia, olódòdó wẹ́wẹ́. Àpò kékeré tí kò tó orí abẹ́rẹ́ wà lára wọn. Bí kòkòrò inú omi bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, àpò náà á fà á wọlé kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ìrìn ewéko tó yá ju èyí lọ ṣọ̀wọ́n.

Àwòdì ń kó òròmọdìẹ

*Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, àwòdì kì í jẹ́ ká sinmi. Ṣé kí n yìnbọn fún un? — Ìyá àgbà, Ìsẹ́yìn*

Ẹ má yìnbọn, mìíràn á rọ́pò rẹ̀ lọ́la. Àwòdì máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí apá gúúsù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń padà sókè nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn òròmọdìẹ tí adìẹ yín bá pa lákòókò náà wà nínú ilé alágbọ̀n tó ní òrùlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ti wúwo jù fún un láti gbé. Bí ẹ bá gbọdọ̀ tú wọn síta, kí ó jẹ́ abẹ́ igi tàbí igbó tó ṣú, kì í ṣe àgbàlá gbalasa. Òkú eku àti ìfun ẹran tí ẹ dà sẹ́yìn ilé ló kọ́kọ́ ń pè é wá. Ẹ sin wọ́n.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ìgboro

*A ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. A sin adìẹ mẹ́fà sẹ́yìn ilé. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wọlé lóru, ó pa gbogbo wọn, ẹyọ kan ló gbé lọ. Kí ló dé tó pa èyí tí kò ní jẹ? — Bàbá Tóbi*

Kò ṣe é láti fi bínú sí yín. Nínú igbó, ẹyẹ tó kù máa ń fò lọ lẹ́yìn tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá ti mú ọ̀kan. Nínú ilé adìẹ, wọn kò lè fò lọ, ariwo wọn ṣì ń bẹ níwájú rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń sọ fún un pé kó ṣì máa pa. Ó máa ń gbé ìyókù lọ rì mọ́lẹ̀ bí ẹ kò bá dé bá a.

Nẹ́ẹ̀tì adìẹ onírin tín-ín-rín kò lè dá a dúró. Ó ń jẹ ẹ́ já. Ẹ lo nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n jó irin rẹ̀ pọ̀, kí ihò rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Ẹ rì í sínú ilẹ̀ tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ síta yí ká tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 50, torí ẹsẹ̀ ògiri gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ fi òrùlé sí i. Ó ń gun ọgbà. Ìkọ́ ilẹ̀kùn tó kàn ń dà sẹ́yìn, imú rẹ̀ á gbé e. Kọ́kọ́rọ́ tó ní ìdè ni kí ẹ lò. Kí ilẹ̀kùn ti pa kí ilẹ̀ tó ṣú, pàápàá láti oṣù kẹta lọ, nígbà tí ìyá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá ní ọmọ nínú ihò tó sì ń wá oúnjẹ ẹnu márùn-ún.